Kọ́là Tí Wọ́n Fi Ìwé Ilé Gé

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni baba onílé kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wọlé kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó kọ́ ilé kì í dúró gba "ẹ wọlé" lẹ́nu ẹni tó yá a gbé. A lè fọwọ́ sọ̀yà nípa aago tí a dá yìí, nítorí pé atún-aago-ṣe ni baálé ilé náà, aago mọ́kànlá ni ó sì fi ìṣó kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé mẹ́ta péré nínú wọn ló ń rìn, ṣùgbọ́n ohùn àwọn mẹ́ta náà ṣe ọ̀kan.

Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì, ẹ̀wà sì ń hó lórí sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ìyàwó, ẹni tí í ṣe aránṣọ, jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó ń fi eyín já òwú. Ìyá ọkọ, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, wà lórí àga kan ṣoṣo tó ní apá nínú ilé.

"Ẹ jókòó, ẹ má dìde," ni baba onílé wí. Kò sí ẹni tó ti dìde. "Akàwé, ọ̀rọ̀ kékeré ni mo bá wá. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ Àìkú. Ibí yìí ni wọn yóò máa gbé. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ ti palẹ̀ mọ́."

"Àbámẹ́ta wo, bàbá?" ni ìyàwó bèèrè. Òwú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí tó ń bọ̀ yìí. Ọ̀túnla. Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ó wà nínú ìwé àdéhùn, ọkọ rẹ ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọwọ́ sí i. Akàwé, àbí o kò rántí ni?"

Akàwé kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò ló fún un. Bí ìwé bá ti ilé ẹ̀kọ́ wá, bí ó ti ilé ìwòsàn wá, bí àwọn oníná bá fi ìwé ha abẹ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ìdí àtẹ aago rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Yóò gbé awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú kan, yóò di ojú kejì, yóò sì kà á fún wọn láti òkè délẹ̀, títí kan nọ́ḿbà fóònù tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọ ilé yìí, òjò ń rọ̀, ẹrù wà nínú ọkọ̀, baba onílé sì di kọ́kọ́rọ́ mú lọ́wọ́ kan, ó di ìwé mú lọ́wọ́ kejì. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ni Akàwé ti fọwọ́ sí i. Kò ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Báwo ni Akàwé yóò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ lójú ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀?

"Mo rántí, sà," ni ó wí. "Ó wà níbẹ̀."

Ẹ̀wà hó dànù sórí iná. Kò sí ẹni tó dìde sí i.

"Mo mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni ọ́," ni baba onílé wí, inú rẹ̀ sì dùn. "N ó padà wá ní agogo márùn-ún pẹ̀lú ẹni tí yóò wọn fèrèsé. Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé ni ọmọ mi ń fẹ́." Ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó tutọ́ òwú sílẹ̀. Ó dìde, ó sọ iná sítóòfù kalẹ̀, ó nu ibi tí ẹ̀wà dà sí, ó padà wá, ó sì jókòó. Ìgbà náà ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rántí?"

"Ohun tó wà nínú ìwé."

"Kí ló wà nínú ìwé?"

"Ohun tí baba onílé sọ."

"Kí wọ́n tó sọ ọ́ ńkọ́?"

Akàwé mú aago kan lórí tábìlì, ó gbọ̀n ọ́n sétí. Aago náà ti kú láti oṣù tó kọjá, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi yìí," ni ìyá rẹ̀ wí láti orí àga, bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni wí, "ilé tí a ń lọ lọ́tùúnla, àtẹ̀gùn mélòó ló ní?"

"Màmá, a ò tíì mọ ilé tí à ń lọ."

"Mo kàn ní kí n bèèrè ni. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ìwé lè mọ ìyẹn náà."

Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn obìnrin adìrun tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà ṣí ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, èyí tí í ṣe ìwọ̀n etí kan. Nígbà tí ó yá, orí náà yọ tẹ̀lé etí. "Ìyá Aránṣọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n ṣé ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni àbí èyí tó tẹ̀ lé e?"

"Wọlé, jàre," ni ìyàwó wí. "Ọ̀rọ̀ tí o kò gbọ́ náà, wá gbọ́ ìyókù rẹ̀."

"À ó ka ìwé náà," ni Akàwé wí, ó sì dìde bí ẹni tí ìmọ̀ràn náà ti ọ̀run wá bá. "Ẹni tó bá mọ̀wé kì í bẹ̀rù ìwé." Ó wọ yàrá lọ, ó fa àpótí irin jáde lábẹ́ ibùsùn, ó mú àpò ìwé jáde, ó sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ojú ewé kan ṣoṣo ló bọ́ sí i lọ́wọ́: orúkọ onílé, orúkọ ayálégbé, iye yàrá, iye kọ́kọ́rọ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ku ojú ewé méjì.

Ariwo tó pa, aago kan tó ti kú lára ògiri dún lẹ́ẹ̀kan. "Wọ́n ti jí i! Baba yìí ti wọlé wá jí ìwé mi! Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀!"

Adìrun pàtẹ́wọ́. "Hẹ̀ẹ́! Àwọn onílé!"

Ìyàwó kò bá a pàtẹ́wọ́. Ó ti gbé ìkòkò ẹ̀wà sórí itan, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí. Ìyá ọkọ wò ó, ó wò ó dáadáa.

"Ìyàwó mi, ẹ̀wà tó ti jinná lò ń ṣa òkúta inú rẹ̀ yìí?"

Ìyàwó gbé ṣíbí náà sílẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ìwé tí ẹ ń wá yìí, ṣé ó nípọn díẹ̀?"

"Ó nípọn."

"Ṣé ó funfun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ lóló, tí kò ní ìlà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! O rí ẹni tó gbé e?"

"Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìṣó kan wà tí ìyàwó ń kọ́ àwọn pátánì rẹ̀ sí, ìyẹn àwọn bébà tí aránṣọ máa ń tẹ́ sórí aṣọ kí ó tó fi ṣọ́ọ̀kì yí etí wọn. Ó já wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àpò ṣẹ́ẹ̀tì, orí apá, ọrùn ọwọ́, àti àwọn èérún tí kò jẹ́ dà nù. Ara gbogbo wọn kún fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà.

"O gé ilé wa!" ni Akàwé kígbe. "O fi ilé wa gé àpò!"

"Ta ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí a kó dé pé ìwé tí a bá ti fọwọ́ sí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán? Ẹ̀yin ni. Mo wò ó pé bébà tó nípọn báyìí kò yẹ kó jókòó lásán, mo wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Láti ọdún méjì, èmi nìkan ni mo lo ìwé yẹn nínú ilé yìí. Ẹ̀yin, ìgbà wo lẹ ti kà á?"

Ìbéèrè náà jókòó sí àárín wọn. Adìrun wo òrùlé. Ìyá ọkọ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé èkejì, ó rántí orúnkún rẹ̀, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá," ni ìyá náà wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Gbogbo ìwé àdúgbò lo ti kà."

Akàwé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀. Ó tẹ́ àpò sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá, ó fi ọrùn ọwọ́ há ibi tí ó bá a mu. Ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun ló mọ bí ó ṣe gé e. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ni wọ́n lò, wọ́n sì jà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, ojú ewé kejì dùbúlẹ̀ níwájú wọn, ó ku ihò kan tó tẹ̀ kọdọrọ bí oṣù tuntun. Akàwé gbé awò sójú.

"Ẹ̀ka keje," ni ó kà. "Bí onílé tàbí ayálégbé bá fẹ́ kí àdéhùn yìí parí, ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀..." Ó dákẹ́.

"Gbọ́dọ̀ kí ni?" ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gbọ́dọ̀ ihò," ni Akàwé dáhùn.

Ìyàwó fi ìka tọ etí ihò náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Kọ́là ni," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo yá Abẹ́rẹ́ Wúrà kí a tó jà."

Adìrun fi ọwọ́ bo ẹnu.

Abẹ́rẹ́ Wúrà ni orúkọ tí aránṣọ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú kọ sára pátákó rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń fi pè é. Ó ti pé oṣù méje tí òun àti ìyàwó Akàwé kò ti kí ara wọn, láti ọjọ́ tí ìyàwó sọ lójú oníbàárà pé kọ́là tí obìnrin náà bá rán máa ń nà ró bí etí ewúrẹ́ tó gbọ́ àrá. Ọ̀rọ̀ náà rìn jìnnà. Àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá mọ̀ ọ́n.

"Jẹ́ kí èmi lọ," ni Akàwé wí.

"Ẹ jókòó. Ẹ tún lè débẹ̀ kí ẹ ní ẹ rántí." Ó so gèlè rẹ̀ le. "Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí." Adìrun tẹ̀ lé e pẹ̀lú agboòrùn, ó ní òun fẹ́ fi ṣíji bò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò tíì mú.

Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ni wọ́n bá Abẹ́rẹ́ Wúrà, ó ń rán etí aṣọ gígùn kan, kò sì gbé ojú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyàwó wí.

Ẹ̀rọ náà ń lọ. "Ta nìyẹn? Ohùn yìí jọ ti ẹnì kan tó kú."

"Èmi ni. Mo wá gba kọ́là mi."

"Kọ́là! Àwa elétí ewúrẹ́, kí la fẹ́ fi kọ́là ẹlòmíràn ṣe? Bóyá kí o lọ wò ó lọ́jà ẹran."

Ìyàwó mí sókè. "Mo sọ ọ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ẹ má bínú."

"Kò sí ẹni tó ń bínú. Ewúrẹ́ kì í bínú."

"Wọ́n ní kí wọ́n kó jáde lọ́tùúnla," ni adìrun bú jáde, nítorí pé kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Àti ìyá arúgbó, àti ẹ̀rọ, àti àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí yóò gbà wọ́n wà lára kọ́là náà!"

Ẹ̀rọ dúró. Abẹ́rẹ́ Wúrà wo ojú ìyàwó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje. Ó ṣí ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, ó sì yọ kọ́là náà láàárín rẹ̀, ó mọ́, kò ká. "Òun ni mo fi ń gé láti ọjọ́ tí o ti yá mi," ni ó wí. "Ó ń jókòó lọ́rùn dáadáa. Mi ò kàn lè sọ fún ọ ni." Ó na kọ́là náà sí ìyàwó. "Mo máa ń rí i pé wọ́n kọ nǹkan sí i. Kò wá sí mi lọ́kàn láti kà á. Tèmi náà ní irú ìwé báyìí. Kí ló máa ń wà nínú rẹ̀ gan-an?"

Ìyàwó gba kọ́là náà, òun àti adìrun sì sọ̀ kalẹ̀ padà sílé.

Kọ́là wọ ihò náà bí ọmọ ṣe ń wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ti lu ọ̀rọ̀ méjì, ṣọ́ọ̀kì sì ti bo ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n awò tí ń rí eyín kẹ̀kẹ́ inú aago ọwọ́ kò ní ṣàìrí ìyẹn.

"...gbọ́dọ̀ fún ẹnìkejì ní ìwé tí ó kọ ọjọ́ sí, kí ó sì fún un ní oṣù mẹ́ta gbáko láti ọjọ́ tí ó gba ìwé náà."

"Ẹ tún un kà," ni ìyàwó wí. Ó tún un kà. "Ẹ tún un kà." Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá ọkọ ti ń bá wọn kà á. Kò tó ilé, kò tó ilẹ̀; oṣù mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọjọ́ méjì láàárọ̀, tó wá ní oṣù mẹ́ta lọ́sàn-án, onítọ̀hún ti di ọlọ́rọ̀.

Wọ́n to èérún ojú ewé kẹta pọ̀, wọ́n sì ka ìyókù. Kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ onílé kankan níbẹ̀. Nígbà tí Akàwé dé ẹ̀ka kẹsàn-án, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì fẹ́ fò ó.

"Ẹ kà á síta," ni ìyàwó wí. "Tiwa náà ni."

"Ayálégbé kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri láìgba àṣẹ. Bí ó bá kàn án, òun ni yóò dí ojú ihò kọ̀ọ̀kan kí ó tó kó jáde."

Gbogbo wọn gbé ojú sókè wo aago mọ́kànlá. Ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú.

Ìyàwó gbé àwọn pátánì náà sórí ẹ̀rọ, ó fi òwú funfun rán wọn pọ̀, ojú rírán tó tóbi kí ó má baà ya bébà. Bí ó ti ń rán an lọ, kò gbé ojú sókè nígbà tí ó sọ pé: "Ó ku ohun kan. Láàárọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ rántí, pé ó wà níbẹ̀."

"N ó sọ pé mo tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò."

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ gbé yẹ̀ wò nígbà àkọ́kọ́?"

Akàwé tún nawọ́ sí aago tó ti kú náà. Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ ò tíì lo ọjọ́ kan, ọkọ mi. Kò tíì rìn jìnnà. Pè é padà."

Nígbà tí agogo márùn-ún lu, lẹ́ẹ̀mẹta lórí ara wọn, baba onílé wọlé pẹ̀lú akọ́tìnì tí yóò wọn fèrèsé, ẹni tó ti fa téèpù rẹ̀ jáde kí ó tó kí ènìyàn. Abẹ́rẹ́ Wúrà àti adìrun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní àwọn ń gba afẹ́fẹ́.

"Akàwé, mi ò rí ẹrù tí ẹ dì."

Akàwé dìde. Ó na ìwé náà sí i. Baba onílé gbé e sókè, ó yí i, ó fọwọ́ pa ojú rírán rẹ̀. "Kí nìyí? Aṣọ ni tàbí ìwé?"

"Ìwé àdéhùn wa ni, sà. Ó ní oṣù mẹ́ta ni kí ẹ fún wa."

"Ìwé tó ti kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ? Ta ló mọ ohun tí ẹ rán mọ́ ọn? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ láàárọ̀ yìí pé o rántí, níbí, lójú ìyá tó bí ọ!"

Akàwé yọ awò ojú rẹ̀, ó dì í mú. Ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ojú méjì ti ń wò ó, àwọn ojú tí ó ti ka ìwé fún láti ọdún méjì.

"Irọ́ ni mo pa, sà," ni ó wí. "Mi ò kà á. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ sí i, mi ò kà á. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á."

Aago mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lára ògiri; gbogbo ilé gbọ́ wọn. Ìyàwó dìde, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá," ni ó wí, "tiyín ò kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká wo tiyín."

Tirẹ̀ wà nínú àpò agbádá rẹ̀, nínú ọ̀rá, nítorí pé ó ti gbèrò láti fi bà wọ́n lẹ́rù. Ó yọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà, ó nà án jìnnà sí ojú, ó fà á súnmọ́ ojú, ó sì gbé e fún Akàwé. "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wẹ́ jù. Kà á fún wọn."

Akàwé kà á. Ẹ̀ka keje kò yẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan, kò sì sí ojú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀.

"Ta ló kọ ìyẹn sí i?" ni baba onílé bèèrè.

"Ẹ̀yin lẹ mú un wá, sà."

"Mo rà á ni! Ní ilé ìtẹ̀wé! Ogún ẹ̀dà ni mo rà lẹ́ẹ̀kan. Ìwé onílé ni wọ́n pè é. Kí ni ìbá tún wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe ohun tí onílé fẹ́?"

Akọ́tìnì, tó ti gun orí àpótí lọ sídìí fèrèsé, yí ojú padà. "Bàbá, ṣé kí n kọ ìwọ̀n yìí sílẹ̀ àbí kí n máa lọ?"

Baba onílé jókòó. Kò wá àga; àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó jókòó lé. "Ó dáa. Oṣù mẹ́ta. Akàwé, ìwọ lo ní ọwọ́ tó dára. Bá mi kọ ìwé náà."

Báyìí ni Akàwé ṣe jókòó sídìí tábìlì tí búrẹ́dì àárọ̀ ṣì wà, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé pé kí òun kó jáde. Ó kọ ọ́ dáadáa. Ó kọ ọjọ́ òní, ó ka oṣù mẹ́ta lórí ìka, ìyàwó náà kà á lórí ìka tirẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu kò. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n fi kún un pé ilé tí àwọn bá ń wá kò gbọdọ̀ ní àtẹ̀gùn. Wọ́n sọ fún un pé ìwé yẹn kọ́ ni ìyẹn ń wọ̀.

Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, baba onílé gba bírò, ó tẹ̀ síwájú, ó sì wá ìsàlẹ̀ ìwé lọ, níbi tí à ń fọwọ́ sí. Ìyàwó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ kà á."

"Ojú mi, ọmọ mi..."

Akàwé na awò kékeré náà sí i. Baba onílé wò ó, ó gbé e sójú kan, ó di ojú kejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè, pẹ̀lú ìka lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó lọ gbé ẹ̀wà padà sórí iná. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìrun ti sáré wọ yàrá rẹ̀ lọ, ìró àpótí tí ó ń fà sì ń jáde. Abẹ́rẹ́ Wúrà ní tirẹ̀ ti lọ sókè, ó ti padà dé, ó dúró ti òpó pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Kò tíì gé e.